Ṣé oore Ọlọ́run tó ń wọlé lójoojúmọ́ là ń rí, àbí èyí tó tóbi nìkan?

Ọmọ_Ọlọ́pẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a bá ní kí èèyàn wá jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un, ohun tí yóò sọ kì í sábà ju mẹ́ta mẹ́rin lọ: ó yege ìdánwò, ó ríṣẹ́, ó bímọ, ọkọ̀ tó wọ̀ dojú dé ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe é. Gbogbo rẹ̀ ló dára, mo sì ń bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, ta ló ń jí ẹni náà lówùúrọ̀? Ìwé tó kà, ojú wo ló fi kà á? Kí ọkọ̀ yẹn tó dojú dé, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti wọkọ̀ jáde tó sì padà délé láyọ̀, tí kò sẹ́ni tó jẹ́rìí kankan?

Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé oore tí Ọlọ́run ń ṣe lójoojúmọ́ pọ̀ fíìfíì ju èyí tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, èyí tó pọ̀ náà la kì í kà sí. Èémí tí à ń mí, oorun tó ń kun ni, omi, ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ tó ń gbé nǹkan láìdùn wá, ẹni tó ń pe orúkọ wa nínú ilé. Kò sí èyí tí a sanwó rẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí a lè fi agbára dá dúró bó bá fẹ́ lọ. Ẹ̀bùn ni wọ́n, ẹ̀bùn kì í sì í wà láìsí ẹni tó fún ni.

Mi ò béèrè bóyá ó yẹ ká dúpẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ. Ìbéèrè mi ni pé báwo lèèyàn ṣe ń la ojú sí ohun tó ti mọ́ ọn lára? Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, alẹ́ ni mo sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú kíndìnrín nìkan. Kíndìnrín méjèèjì tí ara rẹ̀ bá yá ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Nínú gbogbo ìyẹn, ohun tó ń jáde bí ìtọ̀ kò ju lítà kan sí méjì lọ. Gbogbo ìyókù ló ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń díwọ̀n iyọ̀ àti ṣúgà bí ara ṣe nílò rẹ̀. Bí a ti ń sùn ló ń ṣe é. Bí a ti ń bínú ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó rán an létí rí.

Bó bá wá kọṣẹ́, ẹ̀rọ la ó fi gbà á sílẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á máa gba inú rọ́bà jáde lọ sínú ẹ̀rọ, á sì máa gba inú rọ́bà padà. Aláìsàn á tún máa wọn omi mu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀rọ yẹn, ó ti dá ẹ̀mí púpọ̀ sí lójú mi. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀yà ara méjì tí kò tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ lọ.

Àwọn Júù ní àdúrà kan tí wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n bá jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ti lé ní 1,500 ọdún tó ti wà nínú ìwé wọn. Nínú rẹ̀, wọ́n ń yin Ọlọ́run pé ó fi ọgbọ́n dá èèyàn, ó dá ihò àti ọ̀nà sínú ara rẹ̀, àti pé bí ọ̀kan bá dí níbi tó yẹ kó ṣí, tàbí tó ṣí níbi tó yẹ kó dí, kò ní ṣeé ṣe fún ẹni náà láti dúró níwájú Ọlọ́run. Ẹni tó ti rí ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ há mọ́ ọn nínú láàárín òru yóò mọ̀ pé àdúrà yẹn kì í ṣe àdúrà yẹpẹrẹ.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn o. Mo máa ń mú ẹ̀yà ara kan, mo máa ń ro iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń dúpẹ́ lé e lórí. «Olúwa o ṣeun fún ara líle» fẹ̀ jù fún mi, ó tètè ń bọ́ lẹ́nu. «Olúwa o ṣeun fún kíndìnrín» máa ń dá mi dúró.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Nọ́ọ̀sì wa, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo ka èyí tán, mo lọ bu omi mu, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé omi ni mò ń mu. Mi ò lè rántí ìgbà tí mo ti mu omi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Alfa_Kékeré

Àsàláámù àlékùm gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa Ọmọ_Ọlọ́pẹ́, ẹ kú làákàyè.

Ìbéèrè yín, pé báwo lèèyàn ṣe ń la ojú sí i: ìdáhùn tí ẹ̀sìn wa fún mi ni pé kí a má fi dúró de ìgbà tí ọkàn bá sọ sí i. A so ọpẹ́ mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí a bá jí, a máa ń yin Ọlọ́run tó jí wa lẹ́yìn tó ti mú wa kú, torí oorun ni wọ́n ń pè ní ikú níbẹ̀. Bí a bá sín, «Alhamdulilaahi». Bí a bá jẹun tán, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àní títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí Nọ́ọ̀sì sọ, ọ̀rọ̀ wà tí a ń sọ nígbà tí a bá jáde.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bó bá ti di àṣà, ẹnu lásán ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ẹnu máa ń ṣíwájú, ọkàn á wá bá a níbẹ̀. Ẹni tí kì í sọ ọ́ rárá, ibo ni ọkàn rẹ̀ yóò ti bá a?

Kùránì sọ ní Súrà Ìbúráhímà, ẹsẹ 34, pé bí a bá ní ká ka ìdẹ̀ra Ọlọ́run, a ò lè kà á tán. Súrà 55 wá ń béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èwo nínú ìdẹ̀ra Olúwa wa la fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Kí ó tó béèrè àti láàárín ìbéèrè kan àti èkejì, ó ń dárúkọ wọn: oòrùn, òṣùpá, ewéko, òṣùwọ̀n, èso, òkun méjì tó pàdé. Àwọn nǹkan tó wà níta lójoojúmọ́ wà níbẹ̀. Èyí tó sì máa ń dẹ́rù bà mí jù ni ẹsẹ tó gbẹ̀yìn Súrà 67: bí omi yín bá rì wọlẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ta ni yóò mú omi tó ń ṣàn wá fún yín?

Ànábì náà sọ, ó wà nínú àkójọ Bùkáárì, pé ìdẹ̀ra méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdánù lórí wọn: ìlera àti àkókò tó ṣófo. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro ìkejì yẹn wò. Mélòó nínú wa ló ti dúpẹ́ rí pé a jókòó lọ́sàn-án kan tí a kò sì rí nǹkan ṣe?

Béèrè_Kóo_Mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè méjì. Mi ò wá bá yín jà.

Èkíní: gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa kíndìnrín, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ohun tí mo ní, mo ṣiṣẹ́ fún un. Àìsàn tó ṣe mí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, dókítà ló fi oògùn wò ó, ẹni tó ṣe oògùn náà kò sì sùn títí ó fi rí i. Kí ló dé tí a óò gbé ọpẹ́ wọn lọ fún ẹlòmíràn?

Ìkejì ló ń dùn mí jù. Mo máa ń gbọ́ pé: «Ọ̀pọ̀ ló sùn tí kò jí, ọ̀pọ̀ ló wà lórí ibùsùn ọsibítù, ṣùgbọ́n èmi rèé.» Àwọn tí kò jí ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ò fẹ́ràn wọn ni? Ìyá mi wà lára àwọn tí kò jí. Mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi irú ìyá mi dúpẹ́, mo sì dìde. Bí ọpẹ́ mi bá ní láti dúró lórí òkú ẹlòmíràn, mi ò fẹ́ ẹ.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Olùkọ́_Ọjọ́_Ìsinmi

@Béèrè_Kóo_Mọ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì, torí òun ló wúwo.

Nínú Lúùkù orí 18, Jésù sọ̀rọ̀ Farisí kan tó dúró nínú tẹ́ńpìlì tó ń dúpẹ́. Ó dárúkọ Ọlọ́run níbẹ̀ o. Ohun tó ń torí rẹ̀ dúpẹ́ ni pé òun kò rí bí àwọn yòókù, àti ní pàtàkì bí agbowó orí tó dúró lókèèrè. Agbowó orí yẹn gan-an ni Jésù sọ pé ó lọ sílé ní àre. Nítorí náà, irú ọpẹ́ tí ẹ dìde fún ti wà tipẹ́, Jésù alára kò sì fọwọ́ sí i. Ẹ kò ṣẹ̀ bí ẹ ṣe dìde.

Mátíù 5:45 sọ pé Ọlọ́run ń mú oòrùn rẹ̀ ràn sórí ẹni ibi àti ẹni rere, ó sì ń rọ òjò fún olódodo àti aláìṣòdodo. Bí oòrùn kì í bá ṣe ẹ̀rí pé mo dára ju aládùúgbò mi lọ, a jẹ́ pé mo lè dúpẹ́ fún oòrùn nítorí oòrùn fúnra rẹ̀, láìwo ẹni tó wà lókùnkùn. Mo jí: mo dúpẹ́. Aládùúgbò mi ò jí: mo sunkún, mo sì lọ jókòó ti àwọn èèyàn rẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ fi ìkejì ṣe ìdí fún èkíní. Ẹni tó ń fi ìyà ẹlòmíràn wọn oore tirẹ̀, ọjọ́ tó bá rí ẹni tó rọ̀ ṣọ̀mù jù ú lọ, ọpẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn.

Ní ti ìbéèrè kìíní, Diutarónómì orí 8. Mósè kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé nígbà tí wọ́n bá jẹun yó, tí wọ́n kọ́lé tó dára, tí ẹran wọn pọ̀ sí i, kí wọ́n má sọ lọ́kàn wọn pé agbára àwọn ló kó ọrọ̀ náà jọ. Ó ní Ọlọ́run ló ń fún wọn ní agbára láti kó o jọ. Ẹ kíyè sí i, kò sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́. Ó gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́. Apá tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ló ń béèrè ibi tó ti wá.

Orí kan náà ló tún dáhùn ìbéèrè Ọmọ_Ọlọ́pẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹsẹ 4: fún 40 ọdún, aṣọ wọn ò gbó mọ́ wọn lára, ẹsẹ̀ wọn ò sì wú. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ kó máa sọ pé, ẹ wò ó, kò wú lónìí? Kò sẹ́ni tó ṣe é. Òkun pínyà, wọ́n kọrin. Ẹsẹ̀ ò wú fún 40 ọdún, kò sórin. Mósè ló ní láti sọ fún wọn nígbà tí ìrìn-àjò ti fẹ́ parí.

Ẹ sì wo mánà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀, nínú Ẹ́kísódù 16, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ń bi ara wọn pé kí lèyí. Nígbà tó fi máa di Númérì 11, wọ́n ń sunkún pé ọkàn àwọn ti gbẹ, pé kò sí nǹkan mìíràn níwájú àwọn ju mánà yìí lọ. Láti ọ̀run ló ṣì ń wá o! Láràárọ̀ ni. Ohun tó sọ ọ́ di yẹpẹrẹ lójú wọn ni pé kò yéé wá. Mo máa ń bẹ̀rù ibẹ̀ yẹn, torí mo mọ̀ pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí n dúpẹ́ gidigidi fún èémí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kó máa dá a dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fara mọ́ ọn kí a gbàgbé òun, kó sì máa fún wa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti dókítà àti oògùn, torí ilé iṣẹ́ mi nìyẹn.

Kí ó tó di 1922, ọmọ tí àìsàn àtọ̀gbẹ irú kìíní bá mú, kíkú ló ń kú, kò sí bí òbí rẹ̀ ṣe lè lówó tó. Ní January ọdún yẹn ni wọ́n fún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní ínsúlínì ní Toronto, òun sì ni èèyàn tó kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ náà yè. Àwọn tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ wá ta ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí èmi bá rí ìgò ínsúlínì lọ́wọ́ mi lálẹ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Mo tún máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún wọn ní ọpọlọ àti irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ kejì kò jí ti èkíní gbé. Ọlọ́run kì í bínú pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, mo rò pé ohun tó ń dùn ún ni kí a má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́_Ìràwọ̀

Olùkọ́ sọ ohun kan tí ìmọ̀ ojú fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé ohun tí kò yéé wá ni a kì í rí mọ́. Ní 1804, oníṣègùn kan ní Yúróòpù, Ignaz Troxler, kíyè sí i pé bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo láìyẹ̀ ẹ́, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á máa pòórá díẹ̀díẹ̀. Ohun náà wà níbẹ̀ ṣá o. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ló ti dákẹ́, torí kò sí ohun tuntun tó fẹ́ ròyìn. Bí ojú bá ṣípò pẹ́rẹ́, ohun gbogbo á tún yọ. Nítorí náà, kí a tó pe ara wa ní aláìmoore, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé bí a ṣe dá ojú wa nìyẹn, bóyá ọkàn wa náà. Ó ní láti ṣípò kó tó lè rí.

Bí èmi ṣe ń mú un ṣípò ni pé mo máa ń béèrè bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú òjò. Nǹkan bí ìpín 97 nínú 100 gbogbo omi ayé ló jẹ́ omi iyọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì ti di yìnyín. Oòrùn á fa omi sókè láti ojú òkun, á fi iyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, á sì bọ́ sílẹ̀ ní omi mímu. Òkun níyọ̀, òjò ò níyọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ yẹn rin nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lọ́nà.

Yìnyín náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nǹkan olómi, bó bá dì, rírì ló ń rì. Ní ti omi, bó bá dì, á léfòó, ó sì wà lára ohun díẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, adágún ilẹ̀ òtútù ì bá máa dì láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹja inú rẹ̀ ì bá sì kú. Yìnyín wà lókè bí òrùlé, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

@Béèrè_Kóo_Mọ̀, mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, mo lè yàwòrán rẹ̀ fún yín. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò tíì dín ọpẹ́ mi kù rí. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni ọpẹ́ ń pọ̀.

Ohun kan tún wà. Ní 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn mìíràn máa kọ wàhálà wọn. Àwọn tó kọ ọpẹ́ ni ayé wọn dùn mọ́ wọn nínú jù. Ìyẹn kò fi hàn pé Ọlọ́run wà tàbí kò sí, mi ò sì fẹ́ kí a fi jà. Ó kàn fi hàn pé kíkọ ọ́ sílẹ̀ ń ran ni lọ́wọ́, ó sì dára fún ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà.

Mo_Ṣì_Wà

Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kà á. Èmi ni ẹni tí Nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin. Orí àga yẹn náà ni mo wà tí mò ń tẹ èyí, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò mí láti fi dúpẹ́. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fi bú mi níbí, mo sì mọrírì ohun tí Olùkọ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá kí mi, tó wo rọ́bà ọwọ́ mi, tó mí kanlẹ̀, tó wá sọ pé «Ọlọ́run mà ṣeun fún wa o», mo mọ ohun tó ń rò. Èèyàn ni mí, mi ò kí ń ṣe àpẹẹrẹ.

Mi ò dúpẹ́ fún àìsàn yìí. Mo ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ kó gbé e kúrò, mo sì ń sunkún sí i nígbà mìíràn. Ẹni tó kọ Sáàmù náà sunkún sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mi ò ní nǹkan tí mò ń dúpẹ́ fún. Omi tí wọ́n ń wọ̀n fún mi kéré. Mo máa ń dá a mu, mo máa ń gbé e sẹ́nu pẹ́ kí n tó gbé e mì. Kò sí ohun tó dùn tó o láyé yìí. Mo ń dúpẹ́ fún un nítorí pé ó dùn. Mo ń dúpẹ́ fún ọmọkùnrin tó ń tún àga wa ṣe tó máa ń kọrin. Mo ń dúpẹ́ fún ọjọ́ tí mi ò ní lọ, àní fún wákàtí tó ṣáájú kí n lọ.

Ẹ̀yin tí ara yín le, oore yín pọ̀ débi pé ẹ ní láti wá a kẹ́ ẹ tó rí i. Tèmi kéré, mo sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Mi ò sọ pé tèmi sàn. Ká ní wọ́n fún mi láyè, tiyín ni mo máa mú lónìí yìí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá wà lọ́dọ̀ yín, kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe? Mo ń béèrè nítorí iṣẹ́ mi, mo sì ń béèrè fún ara mi.

Mo_Ṣì_Wà

Ẹ jókòó. Ẹ bi mí pé kí ló dùn mọ́ mi lónìí, bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ fún ìyẹn. Bí mo bá ní kò sí, ẹ má wá a fún mi. Ọjọ́ tó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ gbàdúrà kí n sàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ẹ sì dúpẹ́ fún kíndìnrín tiyín nílé yín, lóhùn òkè. Mi ò ní bínú sí ìyẹn láéláé. Ẹ̀bùn tó dára ni.

Béèrè_Kóo_Mọ̀

Ẹ̀yin Mo_Ṣì_Wà, mo kí yín gan-an ni. Kí ara ó yá.

Ohun tí Olùkọ́ sọ nípa Farisí, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kalẹ̀ báyẹn. Ìbéèrè kìíní ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbà pé apá tí mo fi ṣiṣẹ́, èmi kọ́ ni mo ṣe é, mo kàn ṣì ń ro ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ní ti ìyá mi: gbogbo ọdún tí mo lò pẹ̀lú wọn, ọjọ́ tí wọ́n kú nìkan ni mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ọdún yòókù pọ̀. Ohùn wọn láàárọ̀ nìkan tó ọ̀rọ̀ sọ. Mo máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ ibi tó máa dé.

Alfa_Kékeré

Ó dára gan-an. Kí Ọlọ́run kẹ́ Màmá.

Ọmọ_Ọlọ́pẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti kọ kíndìnrín, òjò tí kò níyọ̀ àti ẹsẹ̀ tí kò wú sínú ìwé kan. Ohun tí Mo_Ṣì_Wà sọ ni mo kọ sókè pátápátá, pé kí n dúpẹ́ fún omi nítorí pé ó dùn. Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Àwọn ọmọ ló ń bá mi ṣe é. Lálẹ́, kálukú wọn á sọ ohun kan tó rí lọ́jọ́ náà. Mo ti fòfin dè «mo dúpẹ́ fún gbogbo nǹkan», torí òun ni wọ́n máa ń sọ bí oorun bá ń kùn wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun kan tó ní orúkọ. Àkọ́bí mi dúpẹ́ lánàá pé ẹsẹ̀ tó fi gbá òkúta kò dùn ún mọ́, ó sì fi ibi tí awọ tuntun ti hù hàn wá.

Àbíkẹ́yìn wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn: ṣé Ọlọ́run náà máa ń sùn, kí òun náà lè dúpẹ́ pé òun jí?

Olùkọ́_Ọjọ́_Ìsinmi

Ẹ bá mi kí i! Ẹ ka Sáàmù 121, ẹsẹ 4 fún un. Ẹni tó ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, kì í sì í sùn.

Alfa_Kékeré

Bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú Áyátúl Kúrísíyù, Súrà 2, ẹsẹ 255: òògbé kì í gbé E, oorun kì í sì í kùn Ún. Ẹ sọ fún un pé ìdí nìyẹn tí òun fi lè sùn.